Ọmọ ọdún 37, Computer Science, ìṣirò kò wọlé: ẹ gbà mí

ÌyáBọ́lá_Kàbà (Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́)

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Kàbà níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé, tí mo ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí mo sì ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé forúkọ sílẹ̀ lórí ayélujára. Ọdún kejì rèé tí mo wọ yunifásítì láti ka Computer Science. Kóòdù kíkọ kò le fún mi púpọ̀. Ìṣirò ló ń gba oorun lójú mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì Discrete Mathematics fún wa, 7 nínú 30 ni mo gbà. Kì í ṣe pé n kò kàwé o. Mo ka nóòtì náà títí ó fi há sí mi lórí. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ti kọ ìlà méjì sójú pátákó, tó fò lọ sí ìlà kẹta, n kò ní mọ ibi tó gbà débẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké tó yí mi ká á sì máa mi orí bí aláǹgbá. Mo wá rí i pé ẹ̀kọ́ tuntun yẹn gan-an kọ́ ni kò yé mi, àwọn ohun àtijọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Ìdá lórí ìdá. Máínọ́ọ̀sì méjì tó di púlọ́ọ̀sì. Nọ́ńbà kékeré tí wọ́n ń gbé gun orí nọ́ńbà ńlá. Nígbà WAEC, ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rí C6, àkọ́sórí ni mo sì fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù: Bọ́lá ọmọ mi wà ní JSS 2. Lálẹ́ àná ó yọjú wo ìwé mi, ó ní, "Màámi, ½ + ⅓ kì í ṣe ⅖ o." Mo ní kó lọ sùn.

Bẹ́ẹ̀, bí oníbàárà bá ṣe nǹkan mẹ́wàá lọ́dọ̀ mi, mo ti mọ ṣéńjì rẹ̀ kí ó tó yọ owó lápò. Kí ló dé tí ti orí ìwé kò rí bẹ́ẹ̀? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Oṣù mẹ́ta ló kù kí a ṣe ìdánwò, n kì í sì í ráyè títí di aago mẹ́jọ alẹ́.

Ọmọ_Yàgbà (Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n mi, okun o. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń fi kóòdù jẹun l'Ábújá, n kò lo ìṣirò kankan ju àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ lọ. Ẹ wá ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá, ẹ kọ́ ọ sórí, ẹ gba máàkì tí yóò gbé yín kọjá, ó parí. Ẹnikẹ́ni kò ní bi yín léèrè induction (ọ̀nà tí a fi ń fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ òótọ́ fún gbogbo nọ́ńbà) lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ lọ fi àkókò yín kọ́ JavaScript, èdè kóòdù tí a fi ń jẹun.

DátàKòTó (Ọjọ́ Àìkú, 10:15 alẹ́)

Khan Academy, ẹ̀gbọ́n. Ìkànnì ẹ̀kọ́ ni, ọ̀fẹ́ ni. Láti kíkà 1, 2, 3 dé calculus ló wà níbẹ̀. Òru ni kí ẹ máa wò ó, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já geere tí dátà sì rọjú. Èmi a máa sáré fídíò náà, bí mo bá wo mẹ́jọ lálẹ́ ọjọ́ kan mo ti parí orí kan nìyẹn.

Tíṣà_Ìsánlú (Ọjọ́ Ajé, 5:50 àárọ̀)

Ìyá Bọ́lá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìgboyà. Ọmọ Yàgbà, ìwọ náà ṣeun, ṣùgbọ́n má ṣi ìyá ọlọ́mọ lọ́nà. Wọ́n ní àkọ́sórí ló dé wọn síbi tí wọ́n wà yìí, o tún ní kí wọ́n lọ kọ́ sórí.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tó lè ka ṣéńjì lọ́kàn kò ní orí tó dí. Ohun tó wà ní ọjà ni pé gbogbo nọ́ńbà ibẹ̀ ní ìtumọ̀. Owó ni, ìwé ni. Orí ìwé ni ẹ ti ń bá nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ jà.

Ẹ wo ½ + ⅓ yẹn. Ẹ gbé gàrí. Ìdajì mùdù wà nínú abọ́, ẹ tún bu ìdáta mùdù lé e. Ṣé ó yẹ kó dín sí ìdajì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Kò lè ṣeé ṣe. ⅖ sì kéré sí ìdajì, nítorí ìdajì 5 jẹ́ 2 àti ààbọ̀. Kí ẹ tó mọ ìdáhùn tó tọ̀nà ni ẹ ti mọ̀ pé tiyín kò tọ̀nà. Ó di kí a wá ìwọ̀n kan ṣoṣo tí yóò wọn méjèèjì láìṣẹ́kù. Bí a bá pín mùdù náà sí ọ̀nà 6, ìdajì jẹ́ 3 nínú rẹ̀, ìdáta jẹ́ 2. Márùn-ún nínú mẹ́fà. Òun náà ni Bọ́lá ń sọ.

Máínọ́ọ̀sì lórí máínọ́ọ̀sì: gbèsè ni ẹ fi rò ó. Ẹ jẹ èèyàn mẹ́ta ní 200 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, "Ẹ má san án mọ́." A mú gbèsè mẹ́ta kúrò lọ́rùn yín: −3 lọ́nà −200. Ṣé ẹ lọ sókè ni àbí ẹ lọ sílẹ̀? Ẹ fi 600 lọ sókè.

Nọ́ńbà kékeré tó gun orí ńlá: 2³ jẹ́ 8, 2² jẹ́ 4, 2¹ jẹ́ 2. Bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìdajì ìdajì ni a ń mú. Kí ni ìdajì 2? Òun ni 2⁰. Kò sẹ́ni tó fi ipá sọ ọ́ di 1. Ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó bá ½.

Nítorí náà, ẹ yá ìwé ìṣirò kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ti JSS. Ẹ má kà á bí ìwé ìtàn. Ìbéèrè tó wà lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ lọ bá. Ẹ ṣe mẹ́wàá. Bí ẹ bá gba mẹ́sàn-án, ẹ ṣí i kọjá. Ibi tí ẹ ti gba mẹ́rin, ibẹ̀ ni ihò wà, ẹ dúró níbẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó ti dàgbà, kò ní gbà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lọ. Ìdá, gbèsè, agbára nọ́ńbà, lẹ́yìn náà bí a ṣe ń tú àmì akọ́mọ, tí a ń fi x sílẹ̀ lóun nìkan. Bí ìyẹn bá ti dúró, ẹ padà sí nóòtì yunifásítì yín, ẹ ó rí i pé òun náà ti yí ohùn padà.

Kápẹ́ńtà_Mọ̀pà (Ọjọ́ Ajé, 7:31 àárọ̀)

Tíṣà ti sọ ọ́. DátàKòTó, àbúrò, fídíò mẹ́jọ lóru ọjọ́ kan? Ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, á máa pariwo, ṣùgbọ́n ẹ gbé bọ́ọ̀lù fún un. Èmi náà ti ṣe é. Mo wo fídíò títí mo fi rò pé mo mọ̀ ọ́n, ìgbà tí mo gbé bírò, ọwọ́ mi dúró.

Ọmọ ọdún 45 ni mí, díplómà ni mo ń ṣe. Ohun tó là mí lójú ni téèpù tí mo fi ń wọn pákó láti ìgbà èwe mi. Ṣé ⅜ ínṣì ló tóbi jù ni àbí 5/16? Mo ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́ láìmọ̀ pé ìdá ni mò ń ṣe: ⅜ jẹ́ 6/16, ó ti tán.

Ẹ gbọ́ èyí. Oníbàárà kan gbé pákó wá, 96 ínṣì ní gígùn, 36 ní fífẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí n gé e sí onígun mẹ́rin tó dọ́gba, kí ó tóbi tó bó bá ṣe lè tóbi tó, kí nǹkan kan má sì ṣòfò. Mo yọ 36 nínú 96 lẹ́ẹ̀méjì, ó ku 24. Mo yọ 24 nínú 36, ó ku 12. 12 wọ inú 24 láìṣẹ́kù. Ínṣì 12 ni mo gé e sí. Nígbà tí olùkọ́ wa wá kọ "Euclid's algorithm" sójú pátákó, tó ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí wọ́n ti ń ṣe é, mo rẹ́rìn-ín sínú.

Ọmọ_Yàgbà (Ọjọ́ Ajé, 8:12 àárọ̀)

Ẹ̀yin àgbà, n kò bá yín jà. Mò ń sọ òótọ́ iṣẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò, èmi kọ́.

DátàKòTó (Ọjọ́ Ajé, 8:20 àárọ̀)

Bọ̀ọ̀dá Yàgbà, ẹ ṣí JavaScript yín yẹn, ẹ tẹ 0.1 + 0.2 sí i. Ẹ wá sọ ohun tó bá gbé jáde fún wa.

Ọmọ_Yàgbà (Ọjọ́ Ajé, 8:41 àárọ̀)

0.30000000000000004. Mo mọ̀ ọ́n. Ó dáa, mo jẹ́wọ́. Ní ibi iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́, owó àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ara wọn. Òru méjì ni n kò sùn. Mo yí nọ́ńbà náà ká, mo gé e lẹ́yìn, kò gbọ́. Ẹnìkan ló wá ní kí n máa tọ́jú owó ní kọ́bọ̀, kí n má lo àmì ìdá rárá. Mo ṣe é, ó tò. Títí di òní n kò mọ ìdí rẹ̀.

Tíṣà_Ìsánlú (Ọjọ́ Ajé, 9:05 àárọ̀)

Ìdí rẹ̀ nìyí, ọmọ mi. Kọ ⅓ sílẹ̀ bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà lójoojúmọ́: 0.3333, kò ní tán láé. Nítorí kí ni? 3 kò sí lára ohun tí a sọ di púpọ̀ láti rí 10. 2 àti 5 nìkan ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà, 2 nìkan ló ní, torí 0 àti 1 nìkan ló fi ń kọ nọ́ńbà. Nítorí náà ½, ¼, ⅛ a máa tán lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdákan nínú mẹ́wàá kì í tán, torí 5 wà nínú 10. Ibì kan ló máa gé e sí, èyí tó gé sọnù yẹn ló kó ọ ní oorun. Ìdá ni. Ìdá kíláàsì karùn-ún.

ÌyáBọ́lá_Kàbà (Ọjọ́ Ajé, 9:18 alẹ́)

Mo ka gbogbo rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù lónìí, oníbàárà kan tilẹ̀ bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ṣeun o. Gbèsè mẹ́ta yẹn kò ní kúrò lórí mi mọ́.

Mo ti yá ìwé. Orí ìdá, mo gba 5 nínú 10. Ìbéèrè míràn: modulo. Mo mọ̀ pé "ìyókù" tó ṣẹ́kù lẹ́yìn pínpín ni, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń fi ṣe?

Olówé_Àgbà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀)

Ọmọ mi, ọmọ ọlọ́jà ni ọ́, o ti ń ṣe modulo kí wọ́n tó bí ẹni tó fún un lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni. Àwọn bàbá wa kò ka ọjọ́ lọ bẹẹrẹbẹ. Wọ́n kà á dé ibì kan, wọ́n tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọjà ọrọọrún nìyẹn. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, tí wọ́n sì bi ọ́ pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ sí òní, ṣé ọjà ni, o kò ní ka ọgọ́rùn-ún lórí ìka.

Ọmọ_Yàgbà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:03 àárọ̀)

Bàbá, èyí dùn! Ọrún, márùn-ún. Ìyẹn ni pé mod 5 ni. 100 mod 5 jẹ́ 0, ọjà ni.

Tíṣà_Ìsánlú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀)

O gba ìdáhùn, o kò gba ọ̀nà. Mod 4 ni. Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọjà bá jẹ́ òní, òní ni 1, ọ̀la 2, ọ̀túnla 3, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e 4, ọjà tún dé ní 5. Ọrún ni a pè é, ṣùgbọ́n ọjọ́ 4 péré ni a fi rìn. Òun náà ló fà á tí a fi ń sọ pé "ọjọ́ mẹ́jọ òní", tí ó sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje kan géérégé. Ìsán ń jẹ́ ìkẹsàn-án, ọjọ́ 8 ni. Ìtàdógún ń jẹ́ ìkẹtàdínlógún, ọjọ́ 16 ni. Ẹ wò ó: 4, 8, 16.

100 náà ló pín sí 4 láìṣẹ́kù, ìyẹn ni orí ṣe kó ọ yọ. Ká ní 50 ni wọ́n bi ọ́ ńkọ́? Ìwọ á sọ pé ọjà ni, o dé ọjà, o bá aáyán.

Kápẹ́ńtà_Mọ̀pà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:44 àárọ̀)

Ọgbà náà rí bẹ́ẹ̀. Ọgbà 40 ẹsẹ̀ bàtà, òpó kan ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọmọ iṣẹ́ mi ra òpó 4. Márùn-ún ló gbà. Ẹ̀yin oníkóòdù ẹ kì í mọ ìyàtọ̀ òpó sí àlàfo, òun ló ń jẹ́ kí lúùpù yín (àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tún ṣe léraléra) máa fi ọ̀kan lé tàbí kí ó fi ọ̀kan dín.

Olówé_Àgbà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀)

Tíṣà tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Wọ́n ń pariwo byte, byte, ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan, tó ní àyè 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo, awẹ́ 8 ló wà lára rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dojú bolẹ̀ tàbí kó ṣíjú. Méjì lọ́nà méjì, títí dé ìgbà mẹ́jọ: 256. Iye odù Ifá nìyẹn, ojú odù 16 lọ́nà 16. Iye ohun tí byte kan lè gbà náà nìyẹn.

Ìyá_Ìjọ_Ẹ̀gbẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:25 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìṣirò ni a wá kọ́ níbí, kì í ṣe ẹbọ.

Olówé_Àgbà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:31 ọ̀sán)

Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ yín ní obì, Ìyá Ìjọ. Ẹ fi owó ẹyọ 8 ju sílẹ̀ bí ẹ kò bá fẹ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀. 256 náà ni yóò jẹ́.

Ìyá_Ìjọ_Ẹ̀gbẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:58 ọ̀sán)

Ó dáa. Ọmọ ọdún 41 ni èmi nígbà tí mo kọ́ iṣẹ́ kóòdù yìí, logarithm ló fẹ́ pa mí. Ìwé orin ló gbà mí. Orin 600 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n ní nọ́ńbà. Wọ́n pe orin 437, n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní. Mo ṣí àárín, mo bá 300, apá òsì ti kúrò nìyẹn. Mo ṣí àárín ìyókù, mo bá 450, apá ọ̀tún kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń gé e ní ìdajì. Ó pẹ́ jù, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ ti rí i. Log wulẹ̀ ń béèrè pé: ẹ̀ẹ̀melòó ni wàá gé e ní ìdajì kí ó tó ku ẹyọ kan? Bí ìwé orin náà bá di ìlọ́po méjì, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ló máa fi lé.

Ìyá Bọ́lá, ẹ jẹ́ kí Bọ́lá máa máàkì iṣẹ́ yín.

Kápẹ́ńtà_Mọ̀pà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán)

Kí ọmọ máa máàkì ìyá rẹ̀? Lọ́la yóò ní kí ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀.

Ìyá_Ìjọ_Ẹ̀gbẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:19 ọ̀sán)

Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa? Tèmi máàkì tèmi, ó ṣì ń kí mi lórí ìkúnlẹ̀.

DátàKòTó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:50 alẹ́)

ChatGPT ńkọ́? Kí wọ́n ya fọ́tò ìbéèrè sí i, yóò tú u palẹ̀.

Tíṣà_Ìsánlú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 alẹ́)

Ẹ lè bi í léèrè ìgbésẹ̀ tó kàn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ogún ìṣẹ́jú jà á fúnra yín. Bí ó bá bá yín tú gbogbo rẹ̀, òun ló gba máàkì, ẹ̀yin kọ́ o. Ó sì máa ń ṣi ìṣirò ṣe pẹ̀lú ìdánilójú, bí ọmọ ọlọ́rọ̀.

Ìyá Bọ́lá, mo mọ̀ pé induction wà nínú ìlànà yín. Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ọmọ ìjọ tò lọ gbọọrọ, tí wọ́n ń gbé búlọ́ọ̀kù lé ara wọn lọ́wọ́? Ohun méjì péré ni mo ní láti mọ̀. Èkíní, ẹni àkọ́kọ́ gba búlọ́ọ̀kù. Èkejì, ẹnikẹ́ni tó bá ti gbà á, yóò gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Bí méjèèjì bá dájú, n kò nílò láti rìn dé ìparí ìlà, búlọ́ọ̀kù ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ń kọ ti èkejì, wọ́n á gbàgbé ti èkíní. Bí kò bá sí ẹni tó gbé búlọ́ọ̀kù lé ẹni àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ìlà yín lè gùn dé Lọ́kọ́ja, ọwọ́ òfìfo ni gbogbo wọn.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú àjọ: 100 náírà lọ́jọ́ kìíní, 200 lọ́jọ́ kejì, 300 lọ́jọ́ kẹta, títí di ọgbọ̀n ọjọ́. Èló ni? Ẹ má lo ẹ̀rọ. Ẹ so ọjọ́ kìíní mọ́ ọjọ́ ọgbọ̀n, ìkejì mọ́ ìkọkàndínlọ́gbọ̀n.

ÌyáBọ́lá_Kàbà (Ọjọ́rú, 10:30 alẹ́)

100 àti 3,000 jẹ́ 3,100. 200 àti 2,900 jẹ́ 3,100. Méjì méjì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. 46,500 náírà. Tíṣà, mo fẹ́ kí Bọ́lá jí kó wá wò ó.

Tíṣà_Ìsánlú (Ọjọ́bọ̀, 5:45 àárọ̀)

Ó pé. Báyìí, ẹ kọ ọ́ fún n dípò ọgbọ̀n, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù dáàbò bò ó.

ÌyáBọ́lá_Kàbà (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:02 alẹ́)

Okun o. Mo ti parí ìdá, mo ti dé ibi x. Ìṣẹ́jú ogójì lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, iná wà tàbí kò sí. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ àṣìṣe nìkan sí, ojú ìwé mẹ́tàlá ti kún, àmì máínọ́ọ̀sì tí mo gbàgbé ló pọ̀ jù. Tẹ́ẹ̀sì kejì: 16 nínú 30. Kò tíì dáa tó, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo ti pàdánù 14 yòókù.

Mo bá ara mi gbé ìbéèrè kan kalẹ̀. Ká ní òní jẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí ọjà ọrọọrún sì bọ́ sí i. Ọjà kẹwàá lẹ́yìn tòní, ọjọ́ wo ni? Iṣẹ́ mi nìyí:
10 × 5 = 50
50 mod 7 = 1
Ọjọ́bọ̀ + 1 = Ọjọ́ Ẹtì.
Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ_Yàgbà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:10 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, èmi gan-an kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níbí.

Tíṣà_Ìsánlú (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:16 alẹ́)

Ìlà kejì àti ìkẹta, ọ̀nà wọn tọ́. Ẹ padà sí ìlà kìíní.

ÌyáBọ́lá_Kàbà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:24 alẹ́)

Áà! Àlàfo ni, kì í ṣe òpó. 10 × 4 = 40, ó ku 5. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Bọ́lá ti rí i kí ẹ tó dáhùn, mo ní kó lọ sùn.